Wọ́n ní kí n ra ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ kókó: èwo ló yẹ ẹsẹ̀ tiyín?

Télọ̀ ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹni tó bá mọ Ojúde Ọba á mọ̀ pé tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, télọ̀ kankan ò ní sùn dáadáa níbí mọ́, torí ọjọ́ kẹta ọdún ni gbogbo regbéregbé máa jáde lọ kí Awùjalẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tó máa gbà kí aṣọ tiwọn rẹ̀yìn. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò torí iná ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló sì ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn, sókè sódò, sókè sódò, láti àárọ̀ títí di aago 1 òru. Lẹ́yìn ọdún kan báyìí ni mo jí láàárọ̀, mo ní kí n sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí mo ṣe fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀ báyìí, àfi bíi pé mo tẹ ìṣó. Mo jókòó padà. Mo tún dìde, mo fara ti ògiri rìn dé bálùwẹ̀, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú 10 ó ti lọ, mo ní ó ti tán nìyẹn. Ọjọ́ kejì ó tún dé.

Oṣù 5 gbáko ni mo fi bá a fà á. Làkúrègbé ni àwọn kan pè é, àwọn kan ní eegun ti hù sí mi ní gìgísẹ̀, ẹnìkan tiẹ̀ ní mo ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ láàárín èrò lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Mo gbìyànjú oríṣiríṣi, èyí tó ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, èyí tó tún dá kún un dá kún un, báyìí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan ò ní bi mí pé "Àǹtí, kí lẹ lò gan-an?" Ìdáhùn yẹn ò ṣeé fi gbólóhùn kan sọ, torí ohun tó gba ẹsẹ̀ tèmi là lè má gba tiyín là. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, kí n gbé másáàjì, títẹ kókó (ìyẹn ibi tó sún kì nínú iṣan) àti àwọn ọ̀nà tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ lè mú èyí tó bá yín mu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìrora tó ń ṣe yín

N ò lè fo ibí yìí, torí òun gan-an ló máa sọ èyí tí ẹ máa mú. Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ-ìka, iṣan tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ sì wà ní ìpele 4, ọ̀kan lórí èkejì bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí. Lábẹ́ gbogbo wọn, kó tó kan awọ, bẹ́líìtì kan tó nípọn wà níbẹ̀ tó ti gìgísẹ̀ lọ dé ìdí àwọn ọmọ-ìka, plantar fascia ni àwọn dókítà ń pè é. Tí ìyẹn bá ń ṣe wàhálà, àárọ̀ ló máa ń fara hàn, ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, tàbí tí ẹ bá jókòó pẹ́ tí ẹ wá dìde. Tí ẹ bá rìn díẹ̀ á rọlẹ̀, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ti dúró pẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Irú kejì ni èyí tí ò ní ojú kan pàtó. Gbogbo ẹsẹ̀ ló ń ro èèyàn, ó wúwo bíi pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn, tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ìka kan ibi tó ń dùn yín, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ máa fi ìka sí. Ìyẹn, iṣan ló ti rẹ̀.

Irú kẹta ló ń tan èèyàn jẹ jù. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń dùn yín, ṣùgbọ́n ibòmíì ni ìrora yẹn ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ojúgun lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi tí ẹnìkan bá fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ojúgun yẹn tí gìgísẹ̀ sì dáhùn. Èèyàn lè ní irú kìíní àti irú kẹta pọ̀ o, bí tèmi ṣe rí nìyẹn.

Ní ti eegun tí wọ́n ní ó hù, X-ray máa ń fi í hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i tí kò dùn wọ́n rí, tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín pé àfi kí wọ́n la ẹsẹ̀ yín.

Másáàjì gbogbo ẹsẹ̀

Èyí ni gbogbo wa bá láyé. Ta ni ìyá rẹ̀ àgbà ò fi òrí tàbí àdín ra lẹ́sẹ̀ rí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo ọwọ́ ló máa lò, á fi òróró tútù sí i kí awọ má baà bó, á fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ láti ọmọ-ìka bọ̀ ní gìgísẹ̀, á fi àtàǹpàkò méjèèjì la àárín àtẹ́lẹsẹ̀, á wá gba ọrùn ẹsẹ̀ gòkè lọ sí ẹ̀yìn ojúgun títí dé abẹ́ orúnkún. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Iṣan á rọ̀, ara á balẹ̀, oorun á sì wá. Kò sí ohun tó dà bí i fún irú ìrora kejì tí mo sọ yẹn, ẹni tó dúró látàárọ̀ ní Òkè-Àjé tàbí Ìta-Alẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo, másáàjì ni kó kọ́kọ́ mú, kó má wulẹ̀ máa wá kókó kankan kiri.

Ohun tó tún dáa nínú ẹ̀ ni pé kò gba ìmọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọdún 12 lè ṣe é fún ìyá ẹ̀ kó sì tù ú lára, owó tó máa ná yín ò ju ti òróró lọ.

Ṣùgbọ́n fún irú kìíní àti kẹta, ìtura ẹ̀ kì í pẹ́. Ọmọ mi obìnrin ń ra ẹsẹ̀ fún mi ní alaalẹ́ fún bí oṣù 2, màá sùn bí ọba, tó bá di aago 6 àárọ̀, ìṣó yẹn ti ń dúró dè mí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé másáàjì ò dáa, ó ń tu gbogbo ẹsẹ̀ lára ni, kò débi tí wàhálà fi ń bọ̀.

Ibi tí mo ti jìyà jù wà nínú ẹ̀ náà. Wọ́n júwe ẹnìkan fún mi pé ọwọ́ ẹ̀ dáa, ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí ẹní, mo rò pé ọwọ́ ló fẹ́ lò, ló bá gun ẹ̀yìn ojúgun mi, ó ń fi gìgísẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo pariwo, ó ní kí n fara dà á, pé àìsàn ló ń jáde yẹn. Ọjọ́ 4 ni ibẹ̀ fi dúdú tí n ò lè wa máṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi, ìrora tó ń mú yín pariwo kì í ṣe àìsàn tó ń jáde, iṣan tó ń fara pa ni. Ẹni tó bá mọṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn ló máa dẹwọ́.

Rọ́ọ̀bù àti Aboniki tí a máa ń fi ra ẹsẹ̀ ńkọ́? Wọ́n dáa níwọ̀nba. Ooru tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ara awọ ló wà, kì í wọlé lọ tú kókó, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ọkàn kúrò lára ìrora, ẹ ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ láti ṣiṣẹ́. Ẹ má fi sójú ọgbẹ́, ẹ má sì fi í pa ẹsẹ̀ tán kí ẹ tún wá ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó máa ń jó awọ.

Títẹ kókó iṣan

Èyí ni n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀.

Iṣan tó bá ṣiṣẹ́ jù, tàbí tó wà lójú kan pẹ́ jù, ibì kan nínú ẹ̀ lè sún kì kó má túra mọ́. Tí ẹ bá fi ìka yí i gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ ó bá okùn kan tó le, lójú okùn yẹn ni hóró kan á wà bíi hóró àgbàdo lábẹ́ awọ. Tí ẹ bá tẹ hóró yẹn, á dùn níbẹ̀, á tún dùn níbòmíì tí ẹ ò fọwọ́ kàn. Dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Janet Travell, ẹni tó di dókítà Ààrẹ Kennedy ní 1961 lẹ́yìn tó ti ń tọ́jú ẹ̀yìn tó ń dun ọkùnrin yẹn, òun àti David Simons ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwòrán ibi tí kókó inú iṣan kọ̀ọ̀kan máa ń rán ìrora lọ. Àwòrán yẹn ni àwọn físíò, àwọn tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, ṣì ń wò dòní.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kan ẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ìpele méjì ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀, soleus, tí kókó bá wà nínú ẹ̀ níbi tí ẹran yẹn ti fẹ́ parí tó fẹ́ di okùn líle ẹ̀yìn gìgísẹ̀, díẹ̀ sí apá inú, gìgísẹ̀ ló máa ń rán ìrora sí. Èyí tó wà lókè, tó máa ń yọ roboto tí èèyàn bá fi ọmọ-ìka dúró, kókó tó bá wà lápá inú ẹ̀ máa ń rán an sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tó kọ́ sókè. Iṣan iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ojúgun níta, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ń rán tiẹ̀ sí. Àwọn iṣan gígùn tó wà nínú lọ́hùn-ún tó ń ká ọmọ-ìka, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, lábẹ́ ìdí àwọn ọmọ-ìka, ni tiwọn máa ń lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà ní kókó tiẹ̀ o, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, láti gìgísẹ̀ bọ̀ ní àtàǹpàkò.

Mo rántí ọjọ́ tí mo gbà gbọ́. Físíò kan ni, ọmọbìnrin tí mo lè bí, ó ti kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n kúrò níbí yìí ná." Ó ní kí n dojú bolẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan lé orí èkejì, ó ń wá a díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀yìn ojúgun mi, ó dúró, ó wá rọra tẹ̀ ẹ́. Gìgísẹ̀ ló dùn mí! Mo gbórí sókè mo wẹ̀yìn, mo rò pé ó fi ọwọ́ kejì tẹ gìgísẹ̀ mi ni.

"Ṣé ibẹ̀ ló ń dùn yín láàárọ̀, mà?"

"Ibẹ̀ gan-an ni. Ọmọ mi, báwo lo ṣe mọ̀?"

"Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe, Mọ́mì?"

"Télọ̀."

"Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ti mọ̀. Oṣù 5 tí mo fi ń ra àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun ló ń pè mí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo ń ṣe gan-an nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é fúnra yín rèé. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lé orúnkún kejì kí ọwọ́ lè tó ẹ̀yìn ojúgun. Ẹ fi àtàǹpàkò wá ibi tó le tó sì ní hóró nínú, tí ẹ bá débẹ̀ ara yín á sọ fún yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lójijì, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi. Tí ìrora tó burú jù bá jẹ́ 10, kí èyí wà ní 5 tàbí 6, ìrora tó ń dùn yín tó tún ń dùn mọ́ yín. Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, ẹ máa mí, ẹ ó rí i pé ìrora yẹn á máa lọ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ dẹwọ́. Tó bá ti lọ tó ìdajì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ sí òmíràn. Ojú 3 tàbí 4 tó fún ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Tí ibẹ̀ bá ro yín díẹ̀ lọ́jọ́ kejì kò burú, ṣùgbọ́n tó bá dúdú tàbí wú, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Tí ìka yín ò bá lágbára, orúnkún kejì yẹn gan-an lè ṣe é, ẹ gbé ẹ̀yìn ojúgun lé e kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí ẹ̀, mo máa ń ṣe é tí mo bá ń dúró de oníbàárà.

Tí a bá fi wé másáàjì, títẹ kókó ń lọ tààrà síbi tí wàhálà wà, kò gba àkókò, kò sì gba òróró. Àmọ́ ó ní tiẹ̀ náà. Ó gba sùúrù láti wá ojú ibẹ̀, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n lè máa tẹ eegun tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ kó ní kókó ni, ẹlòmíì sì máa rò pé bó bá ṣe dùn tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Àwọn onímọ̀ pàápàá ṣì ń jiyàn lórí ohun tí kókó yẹn jẹ́ gan-an, físíò méjì lè tẹ ẹsẹ̀ kan náà kí wọ́n má bá a lójú kan náà. Síbẹ̀, ní 2011, wọ́n pín èèyàn 60 tí gìgísẹ̀ ń dùn sí ọ̀nà méjì, àwọn kan ń na iṣan nìkan, àwọn kan ń nà án wọ́n sì tún ń tẹ kókó ẹ̀yìn ojúgun fún wọn, lẹ́yìn oṣù 1 àwọn tí wọ́n tẹ kókó fún ló rọrùn fún jù. Ohun tí mo rí lára mi náà nìyẹn, títẹ nìkan ò tó, àfi kí nínà tẹ̀ lé e.

Bọ́ọ̀lù tẹníìsì àti igo omi dídì

Ẹ fi èyí sí àárín àwọn méjèèjì. Bọ́ọ̀lù lè ṣe iṣẹ́ másáàjì tí ẹ bá ń yí i lọ yí i bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì lè tẹ kókó tí ẹ bá dá a dúró sójú kan. Ẹ jókòó ṣe é ná kí ẹ tó dìde dúró lé e, torí tí ẹ bá dúró gbogbo ara yín ló wà lórí ẹ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú 5 tó. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù àti òkúta tí àwọn kan ń lò ti le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Igo omi oníke náà dáa gan-an fún gìgísẹ̀ tó ń gbóná lálẹ́. Ẹ má rọ omi kún un dé ẹnu kí ẹ tó gbé e sí fírísà, torí omi máa ń wú tó bá ti dì, á bẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tàbí kí ẹ fi aṣọ wẹ́rẹ́ wé e, ẹ máa yí i lábẹ́ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹni tó bá ń bi mí pé omi gbígbóná ni àbí tútù, ohun tí mo máa ń sọ ni pé iṣan tó le tó sì rẹ̀, ooru ló fẹ́. Gìgísẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta tó sì ń gbóná, òtútù ló fẹ́.

Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kùnà ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ ló rọrùn jù fún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojúgun ni wàhálà yín ti ń bọ̀, ẹ lè yí bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹsẹ̀ títí ọdún á fi yípo, ìrora yẹn ò ní lọ.

Nínà iṣan

Èyí kì í bá àwọn tó kù dupò, gbogbo wọn ló nílò ẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kí gìgísẹ̀ tó kanlẹ̀ rárá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì, ẹ fọwọ́ fa àwọn ọmọ-ìka sẹ́yìn síhà ojúgun títí ẹ ó fi rí bẹ́líìtì àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn tó yọ bí okùn, ẹ ka 1 dé 10, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ṣe é ní ìgbà 10. Ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 ìṣó àárọ̀ yẹn ti ń kúnlẹ̀ fún mi.

Ti ẹ̀yìn ojúgun: ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Orúnkún nínà fún ìpele òkè, lẹ́yìn náà ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ fún ìpele ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ti orúnkún títẹ̀ yẹn, ibẹ̀ sì ni kókó tó ń da gìgísẹ̀ láàmú máa ń wà.

Tó bá ti ń rọlẹ̀, ẹ fi okun kún un. Ẹ ká táwẹ̀lì sábẹ́ àwọn ọmọ-ìka lórí àtẹ̀gùn, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan kí ẹ fo ọjọ́ kan. Wọ́n dán an wò ní Denmark lára èèyàn 48 ní 2014, lẹ́yìn oṣù 3 ó dáa ju nínà nìkan lọ, nígbà tó fi máa pé ọdún 1 àwọn méjèèjì ti bá ara wọn dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ kó yá, ó wà níbẹ̀ fún un.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn ìrora

Abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀, sí gìgísẹ̀ máa ń mú un rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè mú kí bẹ́líìtì yẹn já tàbí kí ọ̀rá tó ń gba gìgísẹ̀ dúró tín-ín-rín, n ò gbà á, òun kọ́ ló yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Diclofenac àti ibuprofen, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí wàhálà kíndìnrín kó má dá a rà.

Àwọn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹsẹ̀ wọn

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Tí ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn yín, pàápàá tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn àjò gígùn, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló wà níbẹ̀. Ẹ má ra á, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ọsibítù lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀jẹ̀ yẹn lè ṣí kúrò kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń kú tipiri, kò ní mọ̀ tí omi bá gbóná jù tàbí tí bọ́ọ̀lù bá ti dá ọgbẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ fi òróró rọra pa á, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka dáadáa lójoojúmọ́, ẹ dúró síbẹ̀. Àtàǹpàkò tó bá wú tó pọ́n tó gbóná lójijì lóru, ìyẹn lè jẹ́ gout, àìsàn tó ń mú oríkèé wú. Ojú kan lórí eegun tó ń dùn yín sí i bí ẹ bá ṣe ń rìn sí i, eegun lè ti sán. Ẹni tó ní sickle cell tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, kó tẹ̀ lé ohun tí dókítà ẹ̀ sọ, kó má pe oní-másáàjì.

Èyí tó kù, n ò rí i kí wọ́n máa sọ ọ́ níbí rárá. Ciprofloxacin tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísì bí ẹní ra súìtì, òun àti àwọn àntíbáótíìkì tó jọ ọ́ lè ba okùn iṣan jẹ́, ní pàtàkì okùn líle tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ní 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà gàdàgbà sára ẹ̀. Ewu yẹn pọ̀ sí i fún ẹni tó ti lé lọ́mọ ọdún 60 àti ẹni tó ń lo steroid. Tí ẹ bá ń lò ó tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ má nà án, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún dókítà.

Ó wá kù sọ́wọ́ yín

Dírẹ́bà tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó, tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹsẹ̀ òsì ni kó yẹ̀ wò, ẹ̀yìn ojúgun àti iwájú ẹ̀. Títẹ kókó ni kó fi ṣáájú, tó bá dúró ní gáréèjì ìṣẹ́jú 5 ti tó o. Àwọn ìyá wa tó ń dín gàrí, tó jẹ́ pé ìjókòó pípẹ́ nídìí iná ni, tí wọ́n bá dìde ni gìgísẹ̀ ń gún wọn, kí wọ́n fa ọmọ-ìka sẹ́yìn ní ìgbà 10 kí wọ́n tó dìde, ìyẹn ló máa ṣe wọ́n lóore ju òróró lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọ bàtà gogoro láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba, igo omi dídì lálẹ́ yẹn, másáàjì kí ẹ tó sùn, ẹ̀yìn ojúgun ni kí ẹ nà láàárọ̀ torí bàtà yẹn ti ká a kúrú. Ẹni tó ń tẹ máṣíìnì bíi tèmi, kókó àkọ́kọ́, nínà èkejì, másáàjì lópin ọ̀sẹ̀ fún ìgbádùn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ lórí pẹ́dálì. Èyí ṣòro fún mi fún bí ọ̀sẹ̀ 1, rántí-rántí ni mo kọ́kọ́ ń ṣe é, báyìí ẹsẹ̀ òsì ti mọ̀ ọ́n.

Gìgísẹ̀ tó ń dunni láàárọ̀ yìí kì í tètè lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín ọdún 1 láìṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ẹ má fi èyí sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 3 kí ẹ lọ mú òmíràn. Ẹ fún ohun tí ẹ bá mú ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ lọ rí físíò. Fún àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Olabisi Onabanjo wà ní Sàgámù. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún wọn àti ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń ṣe é, kí ẹ sì mú sílípáàsì tàbí bàtà tí ẹ ń wọ̀ jù lọ́wọ́ lọ, kí wọ́n yí ìdí ẹ̀ wò, ibi tó bá ti jẹ jù á sọ púpọ̀ fún wọn nípa bí ẹ ṣe ń rìn.